Ìyá Ìbọn Kan, Ọ̀pá Púpọ̀: Orúkọ fún Àwọn Ẹ̀yà Ìbọn Ọdẹ Ìléwọ́ Tí Ń Pàrọ̀ Ọ̀pá

Bí ènìyàn bá bi ọdẹ Yorùbá kan léèrè iye ìbọn tí ó ní, ìdáhùn kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí ó gbé kọ́ èjìká ni yóò kọ́kọ́ kà, yóò sì fi èyí tí ó fi kọ́ ara ògiri ní ilé kún un. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú ìbọn kan wà tí ẹni tí ó ni ín yóò ronú díẹ̀ kí ó tó dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ni. Ọta kan ṣoṣo ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọdẹ sì wà lára àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Irin gígùn tí ọta ń gbà jáde lára rẹ̀ ṣeé yọ, kí wọ́n sì fi òmíràn tí ìwọ̀n ihò rẹ̀ yàtọ̀ sí àyè rẹ̀, láìgbé e lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ẹlòmíràn ní irú irin bẹ́ẹ̀ 2, ẹlòmíràn ní 10. Ǹjẹ́ ìbọn 1 ni ẹni tí ó ní mẹ́wàá yìí ní ni, tàbí ìbọn 10?

Ìbéèrè náà kì í ṣe àlọ́. Ó wà nínú ìwé òfin, nínú ìwé ìtajà, àti nínú ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn ń búra sí ní ilé-ẹjọ́. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ “ìbọn mẹ́wàá” níbi tí ìwé ti sọ̀rọ̀ nípa irin mẹ́wàá fún ìbọn kan ti sọ ọdẹ di ẹni tí ó kó ohun ìjà jọ. Èyí tí ó bá sì kọ “ẹ̀yà ìbọn” lásán níbi tí òfin ti ka ẹ̀yà náà sí odindi ìbọn ti bo ohun tí òfin fẹ́ kí ó hàn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n èdè Yorùbá lórí ìbọn, ṣùgbọ́n ìbọn tí ẹ̀yà rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà wà fún.

Ìbọn ṣakabùlà ni orísun wọn. Ìbọn náà ní ẹnu àti ìdí. Wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i láti ẹnu, wọ́n ń fi ọ̀pá ìkibọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń yìn ín. Nígbà tí ìbọn onírin méjì dé láti òkè òkun, “ìbọn ẹlẹ́nu méjì” ni àwọn ènìyàn sọ ọ́. Orúkọ náà dára púpọ̀, nítorí pé ẹnu ni ó hàn sí ẹni tí ó bá dúró níwájú ìbọn, kò sì sí ohun tí ó ń ya ẹnu náà kúrò lára irin tí ó gbé e. Ṣùgbọ́n nínú ìbọn tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, irin náà lè wà nínú àpótí ní ilé nígbà tí ìyókù ìbọn wà nínú oko. Ó ní orí méjì: ọta ń jáde ní ọ̀kan, wọ́n sì ń ti kàtíríìjì bọ èkejì. “Ẹnu” kò lè jẹ́ orúkọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí “ẹnu ìbọn” dúró fún ibi tí ọta ti ń jáde nìkan, kí “ọ̀pá ìbọn” sì jẹ́ orúkọ irin gígùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ìbọn ìléwọ́” pẹ̀lú ní ẹrù tí ó rù wọ inú ìtumọ̀. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 1959 ka irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tí ó jẹ́ èèwọ̀, ó sì dárúkọ ṣakabùlà lọ́tọ̀ ní apá mìíràn. Fún ìdí èyí, etí Yorùbá kì í gbọ́ “ìbọn ìléwọ́” kí ó ronú kan ẹran ìgbẹ́. Ọlọ́pàá tàbí adigunjalè ni ó ń wá sí i lọ́kàn. Èyí tí wọ́n fi ń ṣọdẹ ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi pamọ́ sábẹ́ agbádá. Ọ̀pá rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 10 tàbí 14, awò awọ̀nà-jíjìn sì máa ń wà lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, kí olùtumọ̀ má ṣe fi “ìbọn ìléwọ́” sílẹ̀ ní ìhòhò nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. “Ìbọn ọdẹ ìléwọ́” sàn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ṣàjèjì létí ní ìgbà àkọ́kọ́.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú ìbọn yìí ni Contender. Warren Center ni ó ṣe é ní yàrá ìṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé, ní àárín àwọn ọdún 1960. Ní ọdún 1965 ó dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ K.W. Thompson Tool, tí ó ń wá ohun tí yóò máa ṣe tà, wọ́n sì gbé ìbọn náà jáde ní 1967. Orúkọ àwọn méjèèjì ni ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ nígbà tí ó yá: Thompson/Center. Ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ni wọ́n ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Contender kọ́ ni ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta kan àkọ́kọ́ tí àwọn ọdẹ lò. Ilé-iṣẹ́ Remington ti gbé XP-100 jáde ní 1963, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ti ìyẹn kí ẹni tí ó ni ín lè máa pàrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ ní ilé. Ohun tí Center mú wá ni pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ irin rárá lè pàrọ̀ ọ̀pá, kí ìbọn náà sì tún ba ohun tí ó dojú kọ.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni yóò fi hàn bí orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ kí ó rí. Irin kan wà ní ìsàlẹ̀ tí gbogbo ìyókù so mọ́. Lára rẹ̀ ni èèkù wà, èyí tí ọwọ́ ń dì mú. Kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un nígbà tí idà àti ọ̀bẹ ti ní èèkù láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú rẹ̀ ni ìfà wà, tí ìka ń fà, pẹ̀lú irin ìbòfà tí ó yí i ká. Òòlù sì wà ní ẹ̀yìn, tí àtàǹpàkò ń fà sẹ́yìn. Bí òòlù bá ṣubú, ó ń lu abẹ́rẹ́ ìbọn, abẹ́rẹ́ a sì gún ìdí kàtíríìjì. Ní iwájú, ọ̀pá sinmi lórí irin ìdè kan, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn ti ń sinmi lórí irin tí káfíńtà fi dè é mọ́ férémù. Bí ọdẹ bá fa irin ìbòfà sẹ́yìn, ìdí ọ̀pá a dìde, ihò rẹ̀ a sì ṣí sílẹ̀. Ọdẹ a ti kàtíríìjì bọ̀ ọ́, a pa á dé, a fa òòlù, a yìn ín. Nígbà tí ó bá tún ṣí i, ìyọkòròfo a ti ìkarahun òfìfo síta díẹ̀ kí ìka lè mú un.

Láti pàrọ̀ ọ̀pá, ènìyàn a kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí nǹkan kan nínú ihò. Lẹ́yìn èyí, a tú ìdè igi abẹ́ ọ̀pá, a yọ igi náà, a ti irin ìdè jáde, ọ̀pá a sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Òmíràn a gba àyè rẹ̀. Ìyọkòròfo kò sí lára irin ìsàlẹ̀. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n kàtíríìjì rẹ̀. Ohun tí ń so ìdí ọ̀pá mọ́ irin ìsàlẹ̀ nígbà tí ìbọn bá wà ní pípadé náà wà ní abẹ́ ọ̀pá. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí ó bá ní í ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n kàtíríìjì ń bá ọ̀pá lọ, ohunkóhun tí ó bá sì jẹ́ ti ọwọ́ ènìyàn ń dúró.

Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò tẹ̀lé òfin yìí tán. Kàtíríìjì kan wà tí ohun tí ń gbiná nínú rẹ̀ wà ní etí ìdí, òmíràn sì wà tí tirẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn. “Kàtíríìjì oníná-etí” àti “kàtíríìjì oníná-àárín” lè dúró fún wọn. Nítorí èyí, abẹ́rẹ́ méjì ni ó wà nínú irin ìsàlẹ̀ Contender, ẹni tí ó bá sì pàrọ̀ ọ̀pá láti irú kan sí èkejì gbọ́dọ̀ rántí pàrọ̀ abẹ́rẹ́ tí òòlù yóò lù. Ẹni tí kò bá rántí yóò fa ìfà nínú oko, yóò gbọ́ kó, ẹran yóò sì gbọ́ pẹ̀lú.

Kí ni orúkọ irin ìsàlẹ̀ yìí? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ṣòro jù. “Ìdí ìbọn” kò ṣeé lò, nítorí pé ibi tí ìbọn gígùn ń gbà kan èjìká ni àwọn ọdẹ ń pè bẹ́ẹ̀. “Ara ìbọn” kò ya ohunkóhun sọ́tọ̀. “Egungun ìbọn” dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n egungun kì í ṣe apá kan nínú ara. Gbogbo ara ni ó gbà já, ọ̀pá yóò sì wà lára rẹ̀.

Irinṣẹ́ ilé tí ẹ̀yà rẹ̀ ń pàrọ̀ lè tọ́ni sọ́nà. Ọkọ́ jẹ́ ọ̀kan. Irin ni wọ́n ń pè ní ọkọ́. Igi tí wọ́n fi irin náà bọ̀ ni ẹ̀rúkọ́. Bí ẹ̀rúkọ́ bá ṣẹ́ tí àgbẹ̀ sì gé òmíràn, ọkọ́ àná ni ó ṣì ń lò. Orúkọ tẹ̀lé ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Odó jẹ́ èkejì. Obìnrin lè ní ọmọ odó mẹ́ta, kí ó fi ọ̀kan gún iyán, kí ó fi èkejì gún èlùbọ́. Síbẹ̀ bí wọ́n bá bi í, odó kan ni ó ní. Níbẹ̀, orúkọ tẹ̀lé ohun tí ó dúró, ohun tí ń pàrọ̀ sì di ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ń wá orúkọ fún ẹ̀yà ìbọn yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìbọn ọkọ́ ni tàbí ìbọn odó.

Lẹ́nu àwọn tí ó ni ín, ọ̀nà ti ọkọ́ ni ó ń gbà. Bí ọdẹ bá ń lọ dẹ ọ̀kẹ́rẹ́, a ní òun mú .22 dání; bí ó bá ń lọ dẹ àgbọ̀nrín, a ní òun mú .30-30. Nọ́ńbà kàtíríìjì ni ó wà nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, ọ̀pá ni wọ́n sì ń tọ́ka sí. Irin ìsàlẹ̀ kan náà wà nínú àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ń dárúkọ rẹ̀. Ìdí kan sì wà fún èyí tí ó ju àṣà ẹnu lọ. Orí ọ̀pá ni awò awọ̀nà-jíjìn wà. Nígbà tí ọdẹ bá ti tọ́ awò náà títí ojú àti ọta fi ń pàdé níbì kan náà, wọn kì í tú awò kúrò lórí ọ̀pá mọ́. Ọ̀pá àti awò rẹ̀ a wọ inú àpò papọ̀, wọn a sì jáde papọ̀ ní ọdún tí ń bọ̀, láìjẹ́ pé ọdẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òǹkà kìíní. Ẹni tí ó bá ní ọ̀pá 4 sábà máa ń ní awò 4.

Níbi yìí ni ìrírí àwọn tí ó ra ìbọn náà ti yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n rò tẹ́lẹ̀. Ìrètí wọn ni pé irin ìsàlẹ̀ kan yóò dín owó kù. Lóòótọ́, ọ̀pá kan wọ́n dín ju odindi ìbọn lọ. Ṣùgbọ́n awò ní owó tirẹ̀, kàtíríìjì ọ̀pá kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹni tí ó bá sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di kàtíríìjì gbọ́dọ̀ ra irinṣẹ́ fún irú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ra ìbọn kan kí ó má baà ra mẹ́rin a kàn rí i pé owó mẹ́rin ni òun ti ná. Èrè tí ó dájú wà ní ibòmíràn: ìfà kan náà ni ìka rẹ̀ ń bá pàdé nígbà gbogbo, èèkù kan náà ni ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó fi .22 kọ́ ní owó táṣẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn ilé ni ọwọ́ rẹ̀ ń rántí nígbà tí àgbọ̀nrín bá jáde.

Ọwọ́ náà kò ní í ṣàìmọ ìyàtọ̀ lọ́nà mìíràn. Ìtasẹ́yìn ìbọn kò sinmi lórí ọ̀pá nìkan. Kàtíríìjì ni ó ń dá a sílẹ̀. Ọ̀pá .22 kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mi ọwọ́. Ọ̀pá .45-70, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kàtíríìjì rẹ̀ fún ìbọn àtẹ̀jìká àwọn ológun Amẹ́ríkà ní ọdún 1873, ń gbé ẹnu ìbọn sókè ju orí ẹni tí ó yìn ín lọ bí kò bá dì í mú dáadáa. Síbẹ̀ àwọn kan wá agbára sí i. J.D. Jones, tí ó dá ilé-iṣẹ́ SSK sílẹ̀, ṣe oríṣiríṣi kàtíríìjì fún Contender; .375 JDJ, tí ó lókìkí jù nínú wọn, jẹ́ ìkarahun .444 Marlin tí wọ́n fún ọrùn rẹ̀ kí ọta tí ó tínrín jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wọ̀ ọ́. Ní ọ̀nà mìíràn, eré ìtafà-sí-irin tí ẹgbẹ́ IHMSA dá sílẹ̀ ní 1976 fi hàn bí ìbọn ìléwọ́ ṣe lè bà jìnnà tó: adìyẹ onírin ní mítà 50, ẹlẹ́dẹ̀ ní 100, tòlótòló ní 150, àgbò ní 200. Contender wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn tí ó kópa níbẹ̀, ó sì ti inú eré náà di ohun tí ọdẹ púpọ̀ fọkàn tán.

Contender ìgbà àkọ́kọ́ ní ìwà kan tí ó mú kí ọ̀rọ̀ “dá òòlù padà” yẹ ní ìtọ́jú. Bí ọdẹ bá ti fa òòlù sẹ́yìn, tí ẹran sì kó sínú igbó kí ó tó yìn ín, yóò rọra dá òòlù padà. Láti ìgbà náà, òòlù kò ní í gbà kí wọ́n tún fa òun mọ́, àfi bí ó bá kọ́kọ́ ṣí ìbọn kí ó sì tún un pa dé. Ẹran tí ó bá tún yọjú láàárín ìgbà náà ti rí ọ̀nà lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe G2 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, wọ́n mú ìwà yìí kúrò. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé ìlò àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ fi gbólóhùn kan náà sí wọn.

Òfin kò gba ọ̀nà ọkọ́. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1968 lórí ìbọn sọ pé irin ìsàlẹ̀ nìkan, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀pá lára rẹ̀, ìbọn ni. Lára rẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ oníṣòwò gbọ́dọ̀ ra á lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ. Ọ̀pá kì í ṣe ìbọn ní ojú òfin náà. Odó ni òfin rí. Nítorí pé ìwé òfin àti ìwé ìtajà ni olùtumọ̀ yóò bá pàdé jù, ọ̀nà odó ni ó yẹ kí orúkọ náà gbà, “ìyá ìbọn” sì ni ó tọ́ sí i, ní àfarawé ìyá ìlù. Àtakò kan ṣeé ṣe: ìyá ìlù lè dá dún, ṣùgbọ́n ìyá ìbọn kò lè yìn ọta láìsí ọ̀pá. Odó tí kò ní ọmọ kò lè gúnyán pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èyí. Pẹ̀lú orúkọ yìí, “ìyá ìbọn kan àti ọ̀pá mẹ́wàá” kò ní í dàrú mọ́ olùkàwé lójú, adájọ́ yóò sì mọ iye tí yóò kà.

Bí orúkọ ṣe lè di ẹjọ́ hàn ní ọdún 1985. Ní ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Thompson/Center ta àkójọ irinṣẹ́ kan tí ó lè sọ Contender di ìbọn àtẹ̀jìká: ọ̀pá íǹṣì 21, ìdí onígi tí ń kan èjìká, àti igi abẹ́ ọ̀pá. Òfin mìíràn, ti ọdún 1934, ti fi ìbọn àtẹ̀jìká onílà tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íǹṣì 16 sí abẹ́ ìforúkọsílẹ̀ àti owó-orí 200 dọ́là. Bí ẹni tí ó ra àkójọ náà bá fi ìdí àtẹ̀jìká sí i, tí ó sì fi ọ̀pá íǹṣì 10 sílẹ̀ lára rẹ̀, ohun tí òfin náà ń sọ ni ó di. Ìjọba sọ pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹ̀yà náà ti wà papọ̀, wọ́n ti “ṣe” irú ìbọn bẹ́ẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò tíì tò ó. Ilé-iṣẹ́ náà san owó-orí lórí ọ̀kan, ó sì pe ẹjọ́ láti gbà á padà.

Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá a ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1992. Adájọ́ márùn-ún dá ilé-iṣẹ́ náà láre, mẹ́rin kò gbà. Adájọ́ Souter sọ pé ọ̀rọ̀ òfin náà kò ṣe kedere lórí àkójọ tí ó ní ìlò mìíràn tí ó bófin mu, àti pé nígbà tí òfin tí ó lè sọ ènìyàn di ọ̀daràn kò bá ṣe kedere, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni yóò jàǹfààní iyèméjì. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo. Yorùbá ya “ṣe” sọ́tọ̀ kúrò lára “tò”: alágbẹ̀dẹ ń ṣe ẹ̀yà, ẹni tí ó ni ín ń tò ó. Ẹni tí ó bá fi “ṣe” túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì nínú ìwé ẹjọ́ yìí yóò pa ohun tí wọ́n ń jà lé lórí rẹ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó ni irú ìbọn yìí ti mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tò ó tẹ̀léra ṣe pàtàkì. Ìlànà kan tí àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìbọn gbé jáde ní 2011 fi í hàn: ìyá ìbọn tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbọn ìléwọ́ lè di àtẹ̀jìká, kí ó sì tún padà, èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jìká kò lè di ìléwọ́ láìdé abẹ́ òfin 1934. Nínú ilé, ìdí àtẹ̀jìká ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ kí ọ̀pá kúkúrú tó wọlé. Irin kan náà, igi kan náà, ọwọ́ kan náà; ohun tí ó kọ́kọ́ kúrò ni ó ń yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ “onílà” tí ó jáde lókè yìí ń fẹ́ àlàyé. Inú ọ̀pá ṣakabùlà máa ń dán bí inú ìgò. Inú ọ̀pá ìbọn òde òní tí ń yin ọta ẹyọ kan ní ilà tí ó lọ́ yí po, kí ọta lè máa pòòyì bí ó ṣe ń lọ; ìpòòyì yìí ni kì í jẹ́ kí ó yà. “Ọ̀pá onílà” àti “ọ̀pá aláìnílà” bá ojú Yorùbá mu, nítorí pé wọ́n kọ ilà náà sí i gan-an ni. Contender ní ọ̀pá kan tí ó fi ìyàtọ̀ yìí ṣe eré: ó ń gba kàtíríìjì .45 Colt, ó sì ń gba .410, tí í ṣe ti ọta wẹ́wẹ́. Nítorí pé ọ̀pá náà ní ilà, ìbọn ìléwọ́ gidi ni ní ojú òfin. Ilà yìí a máa yí ọta wẹ́wẹ́ náà káàkiri títí wọn yóò fi fọ́n ká, nítorí náà wọ́n ṣe ohun kékeré kan tí wọ́n ń lọ́ mọ́ ẹnu ọ̀pá, tí ilà rẹ̀ gún régé, láti dá ìpòòyì dúró kí ọta tó jáde. Yíyọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yin ọta ẹyọ kan.

Kí olùtumọ̀ sì ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí ó wà lára ọ̀pá. Ó rọrùn láti rò pé ìbú ihò ni. Ọta .38 Special àti ti .357 Magnum ní ìbú kan náà, ọta.44 Magnum kò tó 0.44 íǹṣì, nǹkan bí 0.429 ni. Nínú “.30-30”, 30 àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ìbú, èkejì sì jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n ń fi sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọta .30-06 bá ti .30-30 dọ́gba ní ìbú, ṣùgbọ́n kàtíríìjì wọn kò lè wọ ihò ara wọn. Orúkọ oyè ni nọ́ńbà wọ̀nyí, wọn kì í ṣe ìwọ̀n. Kí wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà, kí “ìbú ihò” sì wà fún ìgbà tí ìwé bá ń sọ̀rọ̀ ìwọ̀n gan-an.

Ọ̀pá kì í sì í bá gbogbo ìyá ìbọn lọ. Encore, tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe lẹ́yìn Contender fún kàtíríìjì tí ó lágbára jù, ní ọ̀pá tirẹ̀, ti ọ̀kan kò wọ èkejì. Smith & Wesson ra Thompson/Center ní 2007, ó sì kéde ní 2021 pé òun fẹ́ ta á; ọ̀pá àlòkù di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá kiri. Nínú ìpolówó irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, “ọ̀pá ìbọn” nìkan kò tó: kí orúkọ ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e.

Fún Encore ni wọ́n tún ṣe ọ̀pá kan tí wọ́n ń ki láti ẹnu, pẹ̀lú ẹ̀tù àti ọta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ṣakabùlà. Òfin 1968 kò ka ìbọn àkìlẹ́nu lásán sí ìbọn, ṣùgbọ́n ó yọ èyí tí pípàrọ̀ ọ̀pá lè sọ di ìbọn oníkàtíríìjì sílẹ̀ nínú àǹfààní náà. Nípa bẹ́ẹ̀, Encore ṣì jẹ́ ìbọn ní ojú òfin kódà nígbà tí ọ̀pá àkìlẹ́nu bá wà lára rẹ̀. Níhìn-ín, gbogbo ọ̀rọ̀ ọdẹ àtijọ́ tún wúlò láìsí àtúnṣe: ki, ẹ̀tù, ẹnu, yìn. Ẹyọ kan ni ó ń fa ìdàrúdàpọ̀, “ọ̀pá ìkibọn”, nítorí pé ọ̀pá ti di orúkọ irin tí wọ́n ń kì í sí. “Ìkibọn” nìkan ti tó fún un.